Ẹ̀ka wo ni mo lè gbé sí àgbàlá kí ẹyẹ máa bà lé e, kí n lè ya fọ́tò wọn dáadáa?

Fọ́tò Àkóbọ̀ kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn ni mò ń gbé. Fọ́tò òde ni iṣẹ́ mi láti ọdún 2012: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ìwúyè. Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ni òde máa ń wà. Bí ọjọ́ Ajé bá ti dé, ọwọ́ mi á dilẹ̀. Nínú oṣù keje, mo gbé kámẹ́rà sójú fèrèsé ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ya akọ ẹ̀gà kan tó ń fa imọ̀ ọ̀pẹ ya láti fi kọ́lé. Láti ọjọ́ náà, ara mi kì í balẹ̀ mọ́ bí mo bá gbọ́ ohùn ẹyẹ tí mi ò dìde lọ wò ó.

Àgbàlá wa kò tóbi. Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti fèrèsé dé ìgànná ẹ̀yìn, ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni, bíi mítà 12. Ìbẹ́pẹ méjì ló wà níbẹ̀, gúáfà kan, àti máńgòrò aládùúgbò tó na ẹ̀ka sọ́dọ̀ wa. Ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Ẹ̀gà ń bẹ, ológoṣẹ́ ń bẹ, àdàbà ń bẹ. Ẹyẹ orí dúdú kan wà tí ara rẹ̀ rí bí eérú, òun ló máa ń kọ́kọ́ ké kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé common bulbul ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ọkàn mi fà sí jù ni ẹyẹ apẹja kan tí ìyẹ́ rẹ̀ búlúù, tí òkè ẹnu rẹ̀ pupa, tí ìsàlẹ̀ ẹnu náà sì dúdú. Kò sí odò ní tòsí wa, mi ò mọ ohun tó ń wá.

Ibi tí wọ́n ń bà lé ni wàhálà mi. Orí okùn aṣọ ni, tàbí orí wáyà iná, tàbí orí ìgànná tí wọ́n ri àfọ́kù ìgò sí. Ohun tó sì máa ń wà lẹ́yìn wọn nínú fọ́tò ni búlọ́ọ̀kù ilé aládùúgbò tí wọn kò tíì rẹ́, ìlà sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan á hàn ketekete. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo rí yà lára ẹyẹ apẹja yẹn, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ìyẹ́ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n pẹ́ẹ̀gì aṣọ pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ri ọparun kan mọ́lẹ̀, mítà kan péré sí ìgànná. Mo kan pákó 2 by 2 dábùú orí rẹ̀, mo sì da ìrẹsì sórí pákó náà. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, alángbá nìkan ló gùn ún. Ẹ̀gà á fò kọjá lórí rẹ̀, á lọ bà lé okùn aṣọ.

Lẹ́ńsì 70-300 tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ni mo ní, kámẹ́rà mi sì jẹ́ APS-C, irú èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kò tóbi tó ti full-frame. Ẹ jọ̀ọ́, irú igi wo ni ẹyẹ fẹ́? Báwo ni kó ṣe ga tó, báwo ni kó ṣe jìnnà sí mi tó? Ṣé dandan ni kí n kọ́ ibùba?

Ìyá Àgbàlá, Ifẹ̀ kọ:

Fọ́tò Àkóbọ̀, o kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ya ẹyẹ nínú àgbàlá mi. Irú pákó tó o kàn yẹn, èmi náà kàn án nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ rí i. Wọn kò kàn rí ìdí tí wọ́n á fi bà lé e ni.

Fi ojú ẹ̀gà wo àgbàlá rẹ. Orí máńgòrò ló wà, ewé bò ó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó rí oúnjẹ nílẹ̀. Kò ní fò láti orí igi bọ́ sórí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó ń bẹ̀rù àṣá lókè, ó ń bẹ̀rù ológbò nílẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró níbì kan láàárín méjèèjì, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kó tó sọ̀ kalẹ̀. Okùn aṣọ rẹ ni ibi ìdúró yẹn. Ipò okùn aṣọ ni ẹ̀ka rẹ gbọ́dọ̀ gbà. Má da oúnjẹ sórí ẹ̀ka. Ojú ọ̀nà oúnjẹ ni kó o gbé ẹ̀ka sí.

Nítorí náà, kó o tó ri igi kankan mọ́lẹ̀, jókòó sójú fèrèsé fún àárọ̀ mẹ́ta láìmú kámẹ́rà. Mú ìwé àti bírò. Kọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan gbà wọlé, ibi tó kọ́kọ́ bà, ibi tó gbà jáde. Nígbà tí èmi kọ tèmi sílẹ̀ ni mo tó rí i pé igun kan ṣoṣo, lẹ́bàá igi ọsàn, ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọ ọ̀dọ̀ mi. Ó ti tó ọdún kan nígbà náà tí ẹ̀ka mi ti wà ní igun kejì. Bó o bá ti mọ ọ̀nà wọn, ká okùn aṣọ kúrò níbẹ̀. Bí ìyàwó ilé bá nílò rẹ̀, kí ẹ ká a láàárọ̀ tó o fẹ́ ya fọ́tò, kí ẹ tún un so lọ́sàn-án. Níwọ̀n ìgbà tí okùn bá ṣì wà níbẹ̀, òun ni wọ́n á máa yàn.

Ní ti búlọ́ọ̀kù, ó ṣòro fún lẹ́ńsì láti pa ìgànná tó wà ní mítà kan sẹ́yìn ẹyẹ rẹ́. Gbé ẹ̀ka náà wá sí mítà 4 sí fèrèsé rẹ, mítà 8 á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó o bá fa lẹ́ńsì dé 300, tó o sì ṣí ihò rẹ̀ sí f/5.6, gbogbo ìlà sìmẹ́ńtì yẹn á yọ́ mọ́ra wọn. Ní mítà 4 náà, ohun tí APS-C rẹ máa gbà ní ìbú jẹ́ nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹyẹ orí dúdú yẹn gùn tó 18 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀gà náà kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i, wọ́n á gba àyè tó tó wọn, àyè á sì kù fún ẹ̀ka. Bó o bá ṣì rí i pé ìgànná náà pọ́n rúsúrúsú jù, gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù mẹ́rin márùn-ún, kó o fi wọ́n ti ìgànná. Á di aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ẹyẹ. Bó bá gbẹ tán, á di àwọ̀ oyin, ìyẹn náà dára nígbà ọyẹ́.

Ẹ̀ka náà wá ńkọ́? Pákó 2 by 2 ti tóbi jù fún ìka ẹsẹ̀ wọn, wọn kò lè dì í mú. Wá ẹ̀ka tó nípọn bíi pẹ́ńsù sí àtàǹpàkò, tó ní kókó àti orítaa. Gúáfà rẹ yẹn dára, èèpo rẹ̀ máa ń ṣí, àwọ̀ méjì mẹ́ta á hàn lára rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹ̀ka kòkó àtijọ́ tí ohun funfun bíi lápálápá ti hù sí lára. Bọ́ ewé rẹ̀, ku ẹyọ kan tàbí méjì. Fi ìdí rẹ̀ sínú páìpù, kó o ri páìpù náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà 20 lítà tó o ti da iyanrìn tútù kún. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, torí mo lè yí i, mo lè gbé e tẹ̀lé oòrùn, mo sì lè pààrọ̀ ẹ̀ka láàárín ìṣẹ́jú kan. Máa pààrọ̀ rẹ̀ dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo fọ́tò rẹ á jọra. Dá ẹ̀ka náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, má jẹ́ kó dúró gbọnrangandan, má sì jẹ́ kó sùn gbalaja.

Gíga rẹ̀ ni pé kí ojú lẹ́ńsì àti ojú ẹyẹ dọ́gba. Bó o bá yà á láti ìsàlẹ̀, ikùn rẹ̀ nìkan lo máa rí.

Oúnjẹ: so ìdajì ìbẹ́pẹ pípọ́n mọ́ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, níbi tí kámẹ́rà kò ní rí, bí ìdajì mítà sísàlẹ̀ ẹ̀ka. Ọkà bàbà ni kó o fún ẹ̀gà àti ológoṣẹ́, nínú àwo pẹrẹsẹ. Má fún wọn ní búrẹ́dì. Má fún wọn ní ohunkóhun tó ní iyọ̀.

Ibùba kò di dandan. Pa iná ilé ìdáná, ta aṣọ dúdú kan sójú fèrèsé, gé ihò tí lẹ́ńsì lè yọ jáde sí ara rẹ̀. Bí inú bá ṣókùnkùn, tí o kò sì máa rìn kiri, wọ́n á gbàgbé rẹ. Ìbéèrè mi sí ọ: ibo ni oòrùn ń gbà yọ sí fèrèsé yẹn?

Fọ́tò Àkóbọ̀ kọ:

Ẹ ṣeun gan-an mà. Iwájú ilé ni oòrùn ń gbà yọ, nítorí náà ẹ̀yìn mi ló máa ń wà láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń ti ẹ̀yìn ìgànná wá bá mi lójú.

Ìyá Àgbàlá, Ifẹ̀ kọ:

Àárọ̀ ni tìrẹ nìyẹn. Àmọ́ ilé fúnra rẹ̀ á ṣíji bo mítà 4 yẹn ní kùtùkùtù. Wo aago tí òjìji á fi kúrò lórí ẹ̀ka, àtìgbà náà ni kó o máa yà títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Nílẹ̀ tiwa níbí, oòrùn kì í pẹ́ gòkè. Tó bá ti wà lókè orí, òjìji dúdú á bọ́ sábẹ́ ojú ẹyẹ. Ọjọ́ tí kùrukùru bá bo oòrùn, o lè jókòó títí di ọ̀sán. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Ayọ̀ Leeds kọ:

Bọ̀dá Fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́. Ìlú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, àwọn ẹyẹ kéékèèké bíi robin àti blue tit ni mò ń yà nínú ọgbà kékeré ẹ̀yìn ilé, ohun tí Màmá sọ gan-an ni wọ́n fi kọ́ mi níbí. Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un: lu ihò sí ẹ̀yìn ẹ̀ka tó bá nípọn, ní ẹ̀gbẹ́ tí kámẹ́rà kò rí. Ọ̀rá màlúù là ń kì sínú rẹ̀ níbí. Oòrùn Ìbàdàn á yọ́ ọ, ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ní iyọ̀ lẹ lè lò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fọ àwo oúnjẹ àti àwo omi. Láti nǹkan bí ọdún 2005 ni àìsàn kan tí kòkòrò àìfojúrí ń fà, tó ń gbé ọ̀nà ọ̀fun ẹyẹ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa greenfinch, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé kan, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Trichomonosis lorúkọ rẹ̀. Itọ́ tó bọ́ sínú oúnjẹ àti omi ló ń gbé e láti ara ẹyẹ kan dé òmíràn, ibi tí èèyàn ti ń fún ẹyẹ lóúnjẹ sì ni wọ́n ti ń pàdé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí greenfinch lọ́dún tí mo kó dé ilé yìí, mi ò rí wọn mọ́ báyìí. Àìsàn kan náà ń mú àdàbà àti ẹyẹlé. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì sá àwo náà sóòrùn kó gbẹ kẹ́ ẹ tó tún fi oúnjẹ sí i. Ọkà tó bá ti bu, ẹ dà á nù.

Káfíńtà Ẹdẹ kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ apẹja tẹ́ ẹ sọ yẹn, kì í ṣe ẹja ló ń wá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí inú igi gbígbẹ ló ń gbé, mo sì máa ń bá a pàdé níbi tí mo bá ti lọ la igi. Tata ló ń jẹ, àti ìrẹ̀, àti alángbá kékeré. Ó máa ń jókòó sójú kan, á tẹjú mọ́ ilẹ̀, á já bọ́ lójijì, á sì tún padà síbi tó ti dìde. Ìbẹ́pẹ àti ọkà kò ní fà á wá láéláé. Ẹ gé koríko sílẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá ní ibì kan tó tó yàrá kan, kí ẹ ri ẹ̀ka gbígbẹ tó ga tó èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ̀ka náà dá dúró, kó má sí ewé tó máa dí i lójú.

Bí igi kan bá sì kú lágbègbè yín, ẹ bẹ onígi kó má tíì gé e. Ihò tí àkókó ti gbẹ́ sílẹ̀ ni ẹyẹ yẹn ń yé sí.

Fún eèrà tó máa bo ìbẹ́pẹ, ẹ fi gíríìsì pa páìpù yẹn lára.

Ìyá Àgbàlá, Ifẹ̀ kọ:

Káfíńtà, o ṣeun fún ọ̀rọ̀ tata yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gíríìsì kọ́, ọmọ mi. Bó bá kan ìyẹ́ ẹyẹ, kò ní kúrò, ìyẹ́ á lẹ̀ mọ́ra, òjò á máa wọ̀ ọ́ lára. Mo ti rí ológoṣẹ́ kan tí kò lè fò mọ́ nítorí ẹ̀. Ṣé ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ki ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ bọ inú agolo omi? Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn náà sínú bàsíà omi. Eèrà kò ní kọjá. Máa da omi náà nù ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta kí ẹ̀fọn má bàa pamọ sí i.

Fọ́tò Àkóbọ̀ kọ:

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo wá jábọ̀.

Mo kọ́kọ́ jókòó ní àárọ̀ mẹ́ta bí Màmá ṣe sọ. Ìwé mi kún ju bí mo ti rò lọ. Orí máńgòrò ni gbogbo wọn ti ń bọ̀, àmọ́ ẹ̀gà ń gba òkè okùn aṣọ, ẹyẹ orí dúdú sì ń gba ẹ̀yìn ìbẹ́pẹ kejì, ó máa ń rìn mọ́ abẹ́ ewé. Ó hàn sí mi pé ẹ̀ka kan kò lè tó àwọn méjèèjì. Ìyàwó mi gbà kí á gbé okùn aṣọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà méjì ṣe ìdúró, ẹ̀ka gúáfà nínú ọ̀kan, ẹ̀ka ọsàn nínú èkejì.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ karùn-ún, aago méje kọjá ìṣẹ́jú ogún, ẹyẹ orí dúdú kan bà lé ẹ̀ka gúáfà. Kò jẹun. Ó kàn dúró, ó gbé irun orí rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ké, ó lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò tẹ kámẹ́rà rárá. Ó padà wá lẹ́yìn bíi ìdajì wákàtí, èkejì rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n jọ bà lé orítaa ẹ̀ka náà. Iyára kámẹ́rà 1/1000, ihò lẹ́ńsì f/5.6, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 1600. Ìgànná aládùúgbò ti di aláwọ̀ ewé jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wọn, kò sí ìlà kankan. Mo ti ya ìyàwó tó lé ní igba láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mi ò ráńtí ìgbà tí mo tún jókòó wo fọ́tò kan fún odidi wákàtí bẹ́ẹ̀.

Imọ̀ ọ̀pẹ tí mo fi ti ìgànná, ẹ̀gà ti fà á ya tán! Wọ́n á gé etí rẹ̀ kan, wọ́n á gbé e lẹ́nu fò lọ, ó gùn bíi tẹ́ẹ̀pù. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Báyìí mo ti fi ẹ̀ka ọsàn síwájú imọ̀ náà, torí pé orí rẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí kí wọ́n tó lọ fà á. Mo ti rí mẹ́ta yà pẹ̀lú imọ̀ lẹ́nu.

Ẹyẹ apẹja kò tíì wá. Mo ti gé koríko, mo ti ri ẹ̀ka gbígbẹ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ aládùúgbò méjì wà tó máa ń fi rọ́bà ta ẹyẹ; mo pè wọ́n wá wo fọ́tò náà nínú kámẹ́rà, mo sì bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ẹyẹ apẹja yẹn máa ń jókòó sórí òpó iná tó wà lẹ́yìn ìgànná wa, lápá ọ̀tún, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó mọ̀ ọ́n dé bi pé ó mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa ń kọjú sí. Mo ti gbé ẹ̀ka mi sún sápá ọ̀tún.

Ìbéèrè kan ló kù. Ẹyẹ ńlá eléérú kan, ẹnu rẹ̀ yẹ́lò, ìrù rẹ̀ gùn, ó ti mọ ibi tí ìbẹ́pẹ wà. Western plantain-eater ni mo rí i pé ó ń jẹ́. Bó bá ti bà lé ẹ̀ka gúáfà, ẹ̀ka náà á tẹ̀ kanlẹ̀, àwọn ẹyẹ orí dúdú á sá, kò sì ní lọ títí yóò fi jẹ ìbẹ́pẹ dé èèpo. Mi ò fẹ́ lé e. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àgbàlá, Ifẹ̀ kọ:

Inú mi dùn púpọ̀. Má lé e. Ẹyẹ yẹn gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀ka tó nípọn bí apá ọmọdé ló tọ́ sí i. Ri irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ìbẹ́pẹ kejì, kó ga ju ẹ̀ka gúáfà lọ dáadáa, torí òkè ló fẹ́ràn. Fi odidi ìbẹ́pẹ síbẹ̀, kó o dín ti abẹ́ gúáfà kù sí ègé kékeré tí kò ní wù ú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, á mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Bó o bá fẹ́ yà á, fa lẹ́ńsì rẹ padà sí 150 tàbí 135, odidi rẹ̀ á wọlé, àti ìrù. Tó bá gbé ìyẹ́ láti fò, wàá rí funfun kan nínú ìyẹ́ náà. Gbé iyára kámẹ́rà lọ sí 1/2000 kó o lè mú un.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, wá bá mi ká sọ̀rọ̀ omi. Kẹ́ẹ̀gì kan tí ihò abẹ́rẹ́ wà nídìí rẹ̀, tí omi ń kán tó, tó, tó sínú àwo tí kò jìn ju ìka méjì lọ. Ẹyẹ tí o kò rí rí á wá.